Ohun Tí Ìwé Mọ̀ Nípa James Hammett

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1811 ni wọ́n bí James Hammett ní Tolpuddle, abúlé kan lẹ́bàá odò Piddle ní Dorset, lápá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ alágbàṣe ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Kò jogún ilẹ̀, kò joyè, kò sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ súà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà: ẹni tó ń jí ní kùtùkùtù lọ sóko olóko, tó ń gbowó iṣẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí kò sì sí akéwì kankan tí yóò ki oríkì baba ńlá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Síbẹ̀, a lè tẹ̀lé e láti ọjọ́ ìbí dé ibojì. Ọ̀ràn kan tó dé bá a ní 1834 gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé, ìyẹn ló sì mú kí àwọn òpìtàn tú gbogbo ìwé tó kàn án wò. Àmọ́ tí a bá yọ ọ̀ràn yẹn kúrò, irú ìwé tí wọ́n ti rí i náà ni àràádọ́ta ọ̀kẹ́ alágbàṣe mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá babańlá kan tó jẹ́ ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gba ọ̀nà tí Hammett gbà. Kó ṣáà máa béèrè níbi gbogbo tó bá yà sí pé: ta ló kọ èyí, kí ló sì ń wá lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù yìí tó fi kọ orúkọ rẹ̀? Nítorí kò sí ẹni tó kọ orúkọ alágbàṣe sílẹ̀ nígbà náà láìnídìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn alámòójútó ìjọ. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i. Wọ́n fura pé owó orí tuntun ló ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ìfura wọn kò tètè ṣẹ, ṣùgbọ́n ó ṣẹ, nítorí láti 1783 sí 1794 ìjọba gba tọ́rọ́ lórí gbogbo orúkọ tó bá wọ ìwé ìjọ. Tálákà paraku nìkan ni kì í san án, wọn a sì fi àmì aláìní sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí kan dá ìrìbọmi ọmọ dúró títí owó náà fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin láti ilé kan náà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà kan tún wà, láti 1666, tí òfin sọ pé aṣọ irun àgùntàn nìkan ni kí wọ́n fi di òkú, kí ọjà àwọn oníṣòwò irun àgùntàn lè máa tà. Mọ̀lẹ́bí olóògbé a lọ búra pé àwọn kò fi aṣọ mìíràn sin ín, akọ̀wé a sì kọ ìbúra náà sílẹ̀. Bí mẹ̀kúnnù ṣe ń kú ni òfin ọjà ń tẹ̀lé e wọ sàréè.

Ìwé ìrìbọmi tó ṣáájú 1813 kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ọjọ́, ó parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1813 ni òfin mú kí wọ́n tẹ ìwé onílà jáde, tí àlùfáà gbọ́dọ̀ kọ ibi tí òbí ń gbé àti iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe sínú rẹ̀. Ọdún kan àti díẹ̀ ni wọ́n fi bí Hammett ṣáájú òfin yẹn. Ojú ìwé ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn òfin náà dùn-ún wò ju ti ìran rẹ̀ lọ: ọmọ mẹ́jọ lójú ewé kan, àti lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ bàbá sí, alágbàṣe, alágbàṣe, alágbàṣe, alágbẹ̀dẹ kan, alágbàṣe, aránbàtà kan, alágbàṣe, alágbàṣe. Ẹni tó bá ń ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún abúlé oko kan yóò rí gbogbo ètò ayé abúlé náà nínú ìlà kan yẹn.

Ẹni tó bá ń lọ sẹ́yìn ju 1752 lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ẹni tí wọ́n kọ pé wọ́n sin ní oṣù Kejì 1720, 1721 ni lójú tiwa. Kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ìdílé. Ohun tí etí akọ̀wé gbọ́ lọ́jọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kọ, ẹni tó ni orúkọ kò sì lè kà á láti bá a tún un ṣe.

Ìgbéyàwó ní ìwé tirẹ̀. Láti 1754 ni òfin ti sọ pé kí ọkọ, ìyàwó àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde wọn fún Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ a fa àmì X, akọ̀wé a sì kọ orúkọ rẹ̀ yí i ká. Ní nǹkan bí 1840, ọkùnrin kan nínú mẹ́ta àti bí ìdajì àwọn obìnrin tó ń gbéyàwó ló ń fa X. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn kán tàdáwà sára ìwé nítorí ọwọ́ tó mọ ọkọ́ ju kálàmù lọ ló fà á. Fún ọ̀pọ̀ alágbàṣe, àmì yẹn nìkan ni ohun tí ọwọ́ ara wọn kọ tó kù láyé. Ó tó kéèyàn dúró wò dáadáa.

Bí ebi bá dé, ìwé mìíràn a dé. Òfin 1662 sọ bí wọ́n ṣe máa mọ ìjọ tó ni aláìní kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì bọ́ ọ, kò sì sí ìjọ tó fẹ́ bọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, bí àjèjì bá tọrọ ìrànwọ́, wọn a gbé e wá síwájú àwọn adájọ́, wọn a ní kó búra, kó sì sọ ìtàn ayé rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ṣẹ́, àwọn olóko tó ti bá ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n san fún un. Akọ̀wé a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ìjọ mìíràn ló ni ín, wọn a dá a padà síbẹ̀, àti ìyàwó àti ọmọ. Aboyún tí kò lọ́kọ ni wọ́n ń sáré dá padà jù, kí ọmọ má bàa dé sáyé lọ́dọ̀ wọn kó sì di ẹrù wọn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ olóko kan di ti ìjọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóko kan fi ń gba alágbàṣe fún ọ̀sẹ̀ 51 péré. Ìwé ìkà ni. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé tó kan tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló súnmọ́ ohùn wọn jù lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹnì kan ti jókòó tó ní kí wọ́n rò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Ayé tí wọ́n bí Hammett sí ti nira kí ọ̀ràn rẹ̀ tó dé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ń ṣe òfin lé òfin, wọ́n lé ní 5,000 lápapọ̀ nígbà tó yá, tó sọ ọgbà yí ilẹ̀ tí gbogbo abúlé jọ ń lò ká, tó sì sọ ọ́ di ti onílẹ̀ ńlá. Alágbàṣe tó ń da màlúù kan tàbí tó ń ṣẹ́gi níbẹ̀ kò rí ibẹ̀ lọ mọ́. Owó ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìpakà dé, tó gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ wọn. Ní 1830, àwọn alágbàṣe káàkiri gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n ń dáná sun òkìtì ọkà. Ìjọba so èèyàn 19 rọ̀, wọ́n sì kó 481 lọ sí Australia. Àìmọye ìdílé oko lónìí ló jẹ́ pé ìwé ẹjọ́ ọdún yẹn ni wọ́n ti rí babańlá wọn.

Ní Tolpuddle, owó ọ̀sẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n ń san lágbègbè mìíràn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n san níbẹ̀, ó di mẹ́jọ, ó di méje, àwọn olóko sì ní àwọn yóò sọ ọ́ di mẹ́fà. George Loveless, alágbàṣe tó tún jẹ́ oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1833, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Yàrá òkè nílé Thomas Standfield ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ìmùlẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun: wọn a di í lójú, wọn a ní kó kúnlẹ̀, wọn a ka ìwé sí i létí, nígbà tí wọ́n bá sì tú u lójú, àwòrán egungun èèyàn ni yóò rí níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lòdì sófin nígbà yẹn. Ìmùlẹ̀ náà ni James Frampton, onílẹ̀ àti adájọ́ àdúgbò, rí dì mú. Ó wá òfin kan jáde tí wọ́n ṣe ní 1797 nítorí àwọn atukọ̀ ogun tó dìtẹ̀, òfin tí kò bá àgbẹ̀ wí rárá.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1834 ni wọ́n mú àwọn mẹ́fà: George Loveless àti àbúrò rẹ̀ James, Thomas Standfield àti ọmọ rẹ̀ John, James Brine, àti James Hammett. Wọ́n rìn lọ sẹ́wọ̀n Dorchester, nǹkan bí máìlì méje. Ní oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ ju gbogbo wọn sí ìgbèkùn ọdún méje lókè òkun. Edward Legg, ẹni tó ti mulẹ̀ pẹ̀lú wọn, ló jẹ́rìí pé Hammett wà níbẹ̀.

Ìwé ilé ẹjọ́ ṣe kedere lórí èyí. Àmọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Tolpuddle yàtọ̀. Wọ́n ní Hammett kò sí nínú yàrá náà lọ́jọ́ ìmùlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ John ló wà níbẹ̀, ìyàwó John sì ń retí ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá mú Hammett, kò sọ pé wọ́n ṣì òun mú. Ó bá wọn lọ. Ìyàwó wà nílé fún òun náà, ọmọ kékeré kan sì wà. Ní 1829, wọ́n ti fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin rí nítorí irin tó jí, ó sì mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n jẹ́ nígbà tó gbà láti lọ. Kò sí akọ̀wé tó lè kọ ìdí tó fi bá wọn lọ sínú ìwé, nítorí kò sí ẹni tó bi í. Ẹnu ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ayé Hammett, òun náà sì ni ìwé ìjọba kò mọ̀. Ẹni tó bá ń wá babańlá rẹ̀ nínú ìwé nìkan, tí kò lọ jókòó ti àwọn àgbà ìdílé, ìwé ìdájọ́ ni yóò gbé wálé, kò ní mọ ìdí.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ìyà àwọn tó kù nílé wọ ìwé pẹ̀lú. Àwọn ìyàwó wọn lọ tọrọ ìrànwọ́ tí ìjọ máa ń fún aláìní. Frampton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ fún wọn.

Ọkọ̀ Surry ló gbé Hammett àti mẹ́rin nínú wọn lọ, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Sydney ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1834. Àwọn tó ń gba ẹlẹ́wọ̀n ní èbúté kọ ohun tí ìwé ìjọ kì í kọ nílé: bí ọkùnrin ṣe ga tó, àwọ̀ irun àti ẹyinjú rẹ̀, àpá ara rẹ̀, bó bá mọ̀wé, iye ọmọ tó bí, abúlé tó ti wá. Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kí wọ́n lè mú un bó bá sá. Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwọn alágbàṣe tó lo ayé wọn nílé ní jẹ́jẹ́ kì í sábà ní àpèjúwe kankan. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó lọ ni a mọ ìrísí wọn. Hammett sọ ọ́ nígbà tó darúgbó pé wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí ègé ìwé, àwọn aṣojú olóko ń fa ìbò, pọ́n-ùn kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ẹrú ni wọ́n ṣe ta òun. Ẹni tí wọ́n fà á fún ni Edward John Eyre, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní oko kan nítòsí Queanbeyan. Eyre yìí kan náà ni gómìnà Jamaica ní 1865, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Morant Bay dìde, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 400, tí wọ́n sì so George William Gordon rọ̀. Ó yẹ kí àwa tí àwọ̀ wa dúdú mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló ti kọ́kọ́ di okùn mú lọ́rùn alágbàṣe òyìnbó.

Ariwo àwọn òṣìṣẹ́ ní London kò jẹ́ kí ìjọba sinmi, wọ́n sì dárí jì wọ́n pátápátá ní 1836. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Hammett ti délé ní 1837 àti 1838. Òun kò dé títí di 1839. Àwọn márùn-ún yòókù kó lọ sí Essex níkẹyìn, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kó lọ sí Canada pẹ̀lú ẹbí, wọ́n sì pa ìtàn náà mọ́ sínú. Hammett nìkan ló padà sí Tolpuddle láti gbé ibẹ̀ dọjọ́ ikú, ó ń bá àwọn kọ́lékọ́lé ṣiṣẹ́ alágbàṣe.

Nígbà tó fi máa padà dé, ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń kọ èèyàn. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1837 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìwé ẹ̀rí ìbí ń sọ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, ìyẹn sì ló ń ṣí ìlẹ̀kùn ìdílé ìyá. Ìkànìyàn sì ń wáyé lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá láti 1801, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1841 ni wọ́n tó kọ orúkọ gbogbo ilé sílẹ̀ káàkiri. Ti 1841 kò kọ ìbátan tó wà láàárín àwọn ará ilé, wọ́n sì máa ń fa ọjọ́ orí àgbàlagbà wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, débi pé ẹni ọdún 29 di 25. Láti 1851 ni nǹkan dára: ìjọ tí wọ́n bí èèyàn sí, ọjọ́ orí gan-an, ipò rẹ̀ nínú ilé. Iṣẹ́ alágbàṣe oko pọ̀ lójú ìwé débi pé àwọn akọ̀wé gé e kúrú sí "Ag. Lab.", ilé lẹ́yìn ilé. Ti 1911 ni àkọ́kọ́ tí ìwé tí baálé fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ṣì wà fún wa láti rí. Ti 1931 jóná ní 1942, wọn kò sì ka èèyàn ní 1941. Ti 1921 ni èyí tó kẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀, nítorí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń tì í.

Ní 1875, ẹgbẹ́ àwọn alágbàṣe oko tí Joseph Arch jẹ́ olórí rẹ̀ fi aago dá Hammett lọ́lá. Ó ti lé ní 70 ọdún kí òfin 1884 tó fún alágbàṣe abúlé bíi tirẹ̀ ní ìbò. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ó ní òun kò fẹ́ di ẹrù sọ́rùn ọmọ, ó lọ sí workhouse Dorchester, ilé tí wọ́n ń kó aláìní sí. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀ níbẹ̀. Tọkọtaya kì í sùn pa pọ̀. Ẹni tó bá wọlé, wọn a kọ ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀. Bó bá jáde tàbí tó kú, wọn a kọ ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni Hammett kú sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1891, ẹni ọdún 79. Wọ́n gbé e wá sí Tolpuddle láti sin. Wọ́n ní onílẹ̀ àdúgbò dúró létí sàréè kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò sí òkúta lórí rẹ̀ títí di 1934, nígbà tí Eric Gill gbẹ́ ọ̀kan.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Britain ló ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó jẹ́ ọmọ oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ kan ìdílé wọn kí wọ́n gbàgbé èkejì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ikú ẹni tó kú kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa lọ sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ dé ìkànìyàn àti ìwé ìjọ. FreeBMD àti FamilySearch kì í gbowó. Ilé ìpamọ́ ìwé wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ti Dorset wà ní Dorchester. Ìwé ìkànìyàn wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew.

Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló gbé àṣà ìwé ìrìbọmi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1848, Samuel Ajayi Crowther ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Àwọn ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àwọn ìjọ kan ní Badagry, ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, ikán àti omi òjò sì ń jẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé wọn jáde, ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó dá wọn padà síbi gbígbẹ.